Fìríìjì Tí Kò Mọ Ìgbà Tí Òtútù Tó

Bí o bá gba ẹ̀yìn mọ́sálásí wọ agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà ààwẹ̀, òórùn ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀: òórùn àkàrà tó ń hó nínú epo, òórùn ọsàn tí wọ́n ń gé, àti òórùn sìmẹ́ńtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù, nítorí pé àwọn ará ilé a máa da omi sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ooru ọjọ́ náà lè rọlẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni fìríìjì màmá mi wà. Kì í ṣe pé kò sáyè nínú yàrá o. Màmá fúnra wọn ló ní kí a gbé e síta, kí ẹni tó bá fẹ́ omi tútù má baà máa kanlẹ̀kùn kó tó mu. Onílẹ̀kùn méjì ni, òkè fún yìnyín, ìsàlẹ̀ fún ata àti ọbẹ̀. Ara rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti pọ́n díẹ̀ bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Bí ẹ́ńjíìnì rẹ̀ bá ń kùn, gbogbo ilé ló ń gbọ́, a ò tiẹ̀ kà á sí ariwo mọ́.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, màmá mi ti ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà ti sọ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n ju àìsàn náà gan-an lọ. Ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ láti kékeré, kó wá máa dá mu ẹ̀kọ láàárọ̀ nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kò rọrùn. Ṣùgbọ́n màmá mi kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sunkún. Wọ́n ní, "Bí mi ò bá lè gbà á, màá fún àwọn tó ń gbà á lómi." Bó ṣe di àṣà ilé wa nìyẹn. Láàárọ̀, tọmọdé tàgbà á gbé ike omi wọn wá sínú fìríìjì. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Mọ́gáríbì, Màmá á ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ yìnyín lọ́tùn-ún, àwo dàbínù lósì, wọ́n á máa bu fún oníkálukú. Wọn a ní ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ ní ohun ìṣínu, òun náà ti ní ìpín nínú làádá rẹ̀. Ààwẹ̀ tiwọn nìyẹn.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn wọn, èmi ni mo sì ń bá wọn gbé. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé kan ní Olówógbowó. Bí o bá mọ̀ mí dáadáa, wàá ti mọ̀ pé ẹnu mi a máa ṣáájú mi dé ibi tí mò ń lọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọdún tí mo ti lò níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé ti bà mí jẹ́ díẹ̀. Kí n tó bi èèyàn ní ìbéèrè tán, mo ti gbà pé mo mọ èsì rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni fìríìjì dákẹ́. Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá omi lábẹ́ rẹ̀, yìnyín òkè ti yọ́ tán. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo tì í bọ ojú iná mìíràn, pàbó. Mo ṣí ilẹ̀kùn, gílóòbù inú rẹ̀ tàn rekete, a jẹ́ pé iná ń dé ibẹ̀. Mo gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjíìnì lẹ́yìn, kò gbóná, kò sì gbọ̀n. Mo yí bọ́tìnì òtútù láti orí ení títí dé orí èje, kò sí ohun tó mira. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí, nítorí ínsúlíìnì tí Màmá máa lò fún odidi oṣù wà nínú páálí ní ìsàlẹ̀ fìríìjì yẹn. Mo kó o sínú abọ́ omi tútù, mo sì sáré lọ pe Bàbá oní-fìríìjì.

Ará Ìjẹ̀ṣà ni Bàbá oní-fìríìjì, ìtòsí ilé ìwé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ọmọlẹ́yìn Kristi ni wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ọdún ni Màmá ń fi yìnyín ààwẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Màmá ní òùngbẹ ò mọ ẹ̀sìn. Bàbá ò kánjú. Wọ́n yí bọ́tìnì náà lọ, wọ́n yí i bọ̀, wọ́n gbé etí sún mọ́ ọn. "Ó yẹ kó máa dún 'tá'," wọ́n ní. "Kò dún." Wọ́n tú ìdérí ìdí bọ́tìnì, wọ́n sì fi nǹkan kékeré kan hàn mí, tí irin tín-ín-rín gùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù èkúté. Tẹ́mọ́sítáàtì nìyẹn. Òun ló ń sọ fún ẹ́ńjíìnì pé òtútù ti tó, sinmi. Bí ooru bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, òun náà ló máa jí i. Wọ́n fi ẹnu wáyà méjèèjì tó wọ inú rẹ̀ kan ara wọn láti fi wò ó, ẹ́ńjíìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lójú ẹsẹ̀.

"Nǹkan kan ò ṣe ẹ́ńjíìnì," Bàbá ní. "Tẹ́mọ́sítáàtì ló kú. Irú eléyìí ò sì pọ̀ nígboro mọ́. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi wá ojúlówó."

"Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀, Bàbá? Ààwẹ̀ ti dé tán. Ẹ kúkú so wáyà méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀."

Má fi mí rẹ́rìn-ín o, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nìyẹn. Dáyíréètì là ń pè é. Wọ́n á yọ tẹ́mọ́sítáàtì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á so wáyà pọ̀, fìríìjì á sì máa ṣiṣẹ́ lọ láìdúró níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Bàbá wò mí. Wọ́n ní àwọn lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìgbà tí òtútù tó mọ́, ẹni tó wà nílé ni yóò máa pa á, tí yóò máa tàn án. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, iná wo? Àwọn oníná ni tẹ́mọ́sítáàtì tiwa." Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n so ó, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Nígbà tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n tún ní, "Ẹ bá mi sọ fún Màmá o." Mo ní màá sọ. Màmá ń kírun lọ́wọ́ nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n kírun tán, mi ò sọ ọ́. Bí mo bá ní mo gbàgbé, irọ́ ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ni ìyá arúgbó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wáyà ṣe.

Mo dá ínsúlíìnì padà sí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, yìnyín sì ń jáde dáadáa. Ní bí ọjọ́ kẹfà, wọ́n gbé tiransifọ́mà tuntun wá sí àdúgbò wa. Àwa tí a máa ń rí iná fún wákàtí méjì péré wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí i láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Inú gbogbo ilé dùn. Yìnyín Màmá wá le débi pé ọmọ odó la fi ń fọ́ ọ. Àwọn ará ilé kejì ń gbé ike tiwọn náà bọ̀, Màmá ń gbà á lọ́wọ́ wọn, ojú wọn ń dán. Kò sẹ́ni tó rántí pa nǹkan kan. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ó yẹ kí a pa á, èmi gan-an sì ń fi yìnyín mu omi.

Lọ́jọ́ kan mo ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án kí n mú ata. Omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ata rodo àti tìmáàtì sì ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n ń rùn bí ewé tí wọ́n bọ̀ gbàgbé. Mo di ata sínú náílọ́ọ̀nù, ó di ọjà Apọ́ngbọ̀n. Mo bá obìnrin tó tà á fún mi níwájú igbá rẹ̀, mo ní ata àná ló tà fún mi. Ó mú ẹyọ kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sílẹ̀. "Àǹtí, ata mi ò rí báyìí. Ẹ padà lọ wo ilé yín." Mo pòṣé, mo kúrò níbẹ̀. Èmi, tíṣà, kí aláta máa kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ara Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìgò ínsúlíìnì tí wọ́n bá ń lò lọ́wọ́ máa ń wà nínú ife amọ̀ lẹ́bàá ibùsùn wọn, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa. Bó bá tán, a ó mú òmíràn nínú fìríìjì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìgò tuntun. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà wọn wá ń gbé nọ́ńbà tí mi ò rí rí jáde, lójoojúmọ́ ló sì ń gun òkè. Wọ́n ń mu omi lámuùsinmi, wọ́n ń dìde lọ tọ̀ léraléra. Lọ́jọ́ kan wọ́n fẹ́ bu omi sí ife, ẹ̀gbẹ́ ife ni wọ́n da omi sí, wọ́n sì díbọ́n bí ẹni pé ọwọ́ wọn ló yẹ̀. Mo gbé wọn lọ sí kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n, ó wò mí. "Kí ni Màmá ń jẹ?" Ó ní bí nọ́ńbà yẹn ò bá wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n máa dá wọn dúró sí ọsibítù, àti pé ojú ni àìsàn yìí ń kọ́kọ́ bá jà. Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ò kúrò létí mi. Kùránì ni màmá mi ń fi ojú wọn kà láràárọ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo rí bébà kan tí wọ́n ká sábẹ́ àpótí Màmá. Mo tú u. Kóró dàbínù ló wà nínú rẹ̀, ó tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Màmá ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin ilé ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń bó ẹ̀wà àkàrà.

"Màmá, ẹ̀ ń jẹ dàbínù."

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Kóró ta wá nìyí? Ṣé ẹ fẹ́ fọ́jú ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fà yín lọ́wọ́ kiri Èkó?"

Wọ́n la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mi ò jẹ́. Mo da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí omi ìdọ̀tí, mo ní èmi ń pa ara mi nítorí wọn, àwọn ń jí dàbínù aláàwẹ̀ jẹ. Àwọn obìnrin yẹn dáwọ́ dúró lórí ẹ̀wà. Màmá mi wo bébà ọwọ́ mi, wọ́n wo àwọn obìnrin náà, wọ́n sì rọra wọ yàrá lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti kọ òwe yẹn sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tipẹ́, mo sì ti ní kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó jókòó lórí àpótí ẹnu ọ̀nà. Oníkálukú wá ṣí fìríìjì fúnra rẹ̀, wọ́n mú yìnyín wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọjọ́ kejì rí bẹ́ẹ̀. Inú yàrá ni Màmá ti ń jẹun, wọ́n ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn, ṣùgbọ́n wọn ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo ń sọ fún ara mi pé ìtìjú ló ń ṣe wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni Ladánì dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Ladánì ni bàbá tó máa ń pe ìrun ní mọ́sálásí wa, wọ́n ti dàgbà gan-an, yàrá kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé. Wọ́n gbé àwo dàbínù dání. "Ìyá rẹ dà? Àwọn ló máa ń bá mi yọ kóró rẹ̀ kúrò. Eyín tó kù lẹ́nu mi ò ju mẹ́rin lọ." Mo gba àwo yẹn lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í la dàbínù, mo ń yọ kóró rẹ̀ sínú bébà. Kóró ń pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí, àmọ́ agídí ò tíì tán nínú mi. Mo ní ó dáa, wọn ò jẹ dàbínù. Kí ló wá ń gbé ṣúgà gòkè?

Ọjọ́ Sátidé, Bàbá oní-fìríìjì dé. Wọ́n ti rí tẹ́mọ́sítáàtì. Bí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, wọ́n fa dúrọ́ọ̀ jáde kí ọwọ́ wọn lè ráyè, wọ́n sì mú ata kan tó rọ̀ lẹ́yìn páálí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Ata yìí ti di yìnyín rí."

"Bàbá, òkè ló ń dì. Ìsàlẹ̀ kì í dì."

"Pẹ̀lú irú iná tí ẹ ní báyìí? Tí kò sí ohun tó ń dá a dúró? Lóru, gbogbo rẹ̀ á dì gan-an. Bí iná bá lọ láàárọ̀, á yọ́. Ẹ̀yin ò lè mọ̀. Ata ló máa sọ fún yín." Wọ́n wo ojú mi. "Ṣé Màmá ń pa á?"

Páálí ínsúlíìnì ni mò ń wò, ẹ̀gbẹ́ ata gan-an ni ó wà. Mo fọwọ́ kàn án, bébà rẹ̀ ti rin, ó ti gbẹ, ó ti wú. Mo pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Bó bá ti dì rí, ó ti bàjẹ́. Kò sí bó ṣe lè mọ́ tó lójú, ẹ má fún wọn mọ́. Ẹ lọ ra tuntun kíákíá." Ó tún ní Ọlọ́run ló yọ wá tí òun ò tíì fi kún ìwọ̀n abẹ́rẹ́ wọn, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá gba èyí tó dáa, ṣúgà wọn ì bá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi lásán ni màmá mi ti ń gún sára láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di omi.

Mo ra tuntun, mo fún wọn ní ti ìrọ̀lẹ́ yẹn, lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn wọn. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbọ́ mi tán kí wọ́n tó dáhùn. Ohun tí èmi ò ṣe fún wọn nìyẹn.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n so wáyà yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Wọ́n sì ní kí o sọ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo rò pé kò ní yé yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Èmi tí mo ti ń lo fìríìjì kí wọ́n tó bí ẹ." Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Níbo lo ti pè mí lólè dàbínù?"

"Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mà."

"Ibẹ̀ ni kí o ti sọ èyí."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ku díẹ̀ kí Ladánì lọ pe ìrun, Màmá jáde, wọ́n jókòó sórí àpótí wọn. Àwọn obìnrin ìjọ́sí wà níbẹ̀, Ladánì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó wá mú yìnyín náà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù. Mo sọ fún gbogbo wọn pé màmá mi ò jẹ dàbínù ẹnikẹ́ni, pé èmi ni mo ba ínsúlíìnì wọn jẹ́, pé èmi ni mo purọ́ mọ́ wọn. Ẹnu mi tó máa ń ṣáájú mi, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fà á lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá bu yìnyín sí ife kan, wọ́n nà án sí mi.

"Bí o bá tún rí kóró dàbínù lọ́dọ̀ mi, kí lo máa ṣe?"

"Màá bi yín, mà."

"Kò tó. O bi mí lọ́jọ́ yẹn náà. Bèèrè, kí o sì gbọ́ èsì."

Ladánì pe ìrun, a sì ṣínu. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, nọ́ńbà inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé, Màmá ti ń rí ìlà Kùránì wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo lọ sí Apọ́ngbọ̀n náà, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aláta. Ó ní òun ti gbàgbé, ó sì fi ata méjì ṣe ènì fún mi.

Fìríìjì yẹn ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí mo bá ń múra ibi iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń dún "tá", tí ẹ́ńjíìnì á dákẹ́, mo sì máa ń rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, mi ò gbọ́ ti ẹnì kankan kí n tó dájọ́. Mi ò ní sọ fún ọ pé ẹnu mi ti tutù pátápátá. Ṣùgbọ́n ní ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mo ń tẹ́ ibùsùn Màmá, mo bá bébà súìtì lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ara mi fẹ́ gbóná. Mo jókòó, mo fi bébà náà hàn wọ́n, mo ní, "Màmá, kí nìyí?" Mo sì dákẹ́, mo ń dúró de èsì.

Wọ́n wò mí títí. "Mo jẹ ẹ́," wọ́n ní. "Ẹyọ kan ni. Ó dùn."